Oṣù Tí À Ń Sọ Fún Ará Ìta

Ẹ̀yìn Alájùé, Ẹdẹ.
13 Oṣù Kẹrin, 2025.

Salman, àbúrò mi,

Báwo ni òtútù? Báwo ni ìwé? Ṣé o ń jẹun dáadáa, àbí búrẹ́dì náà ni o ṣì fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ tí o sì fi ń parí rẹ̀? Gbogbo ilé ń kí ọ. Roqeebah ní kí n sọ fún ọ pé òun ti lè ka Fátíhà dé òpin. Irọ́ ni, ó máa ń sùn lọ ní ìdajì. Bàbá rẹ̀ wà ní ìlú Ara níbi tó ti ń ra ẹ̀gẹ́, ó ní kí n kí ọ̀jọ̀gbọ́n.

Mo mọ̀ pé o máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́, tí mo ń tẹ ìmeèlì gígùn bí ẹni tó ń ṣe ìdánwò. Lórí fóònù, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo wà nínú ìpàdé, mò ń pè yín padà" ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìyá ọkọ mi wà ní yàrá kejì, ògiri ilé wa kì í sì í pa àṣírí mọ́.

Ọmọbìnrin tí o rán sí wa, Tèmilọlá, dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó mọ èèyàn kí. Ó kó gbogbo aboyún àdúgbò jọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó ní iṣẹ́ ìwádìí ni, pé ọmọ Ẹdẹ kan tó wà ní yunifásítì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ mọ bí aboyún ṣe ń ti ẹ̀yìn afárá wa dé ọsibítù, kí wọ́n lè gbé kẹ̀kẹ́ Márúwá kan síbẹ̀ tí yóò máa gbé ẹni tó bá ń rọbí. Gbogbo wa dúpẹ́. Ó wá ní kí òun ka bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ fún wa. Ó kà á. Pé ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, obìnrin kan bímọ sínú kábúkábú nítorí pé dírẹ́bà kọ̀, kò gun afárá tó ń mì nínú òjò. Pé obìnrin náà ń ké pe ìyá rẹ̀ tó ti kú. Pé dírẹ́bà ló bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó fi bo ìdí obìnrin náà.

Salman, ta ni kò mọ ẹni tó bímọ sínú kábúkábú ní àdúgbò yìí? Kò sẹ́ni tó wo Tèmilọlá mọ́, èmi ni wọ́n ń wò. Àwáwù, aládùúgbò wa tó jókòó tì mí, fi ìgúnpá gún mi, ó ní, "Ìyá Roqeebah, ẹ ti dé ìlú òyìnbó, ẹ ò sì sọ fún wa." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rín in. Ìgbà tí mo délé ni mo sunkún díẹ̀. Orí ẹní ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ọ, nígbà tí o wá kí mi kú ewu, èmi àti ìwọ nìkan. Mi ò mọ̀ pé ìwé ni mò ń sọ ọ́ fún. O ò tilẹ̀ bi mí.

Ohun mìíràn ni pé mo tún ti wà ní ipò yẹn. O máa kúkú gbọ́, ó sàn kó jẹ́ lẹ́nu mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Ó ń bà mí ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí nígbà yẹn mi ò mọ ohun tí mò ń lọ bá. Ẹ̀jẹ̀ tó dà lára mi lọ́jọ́ náà, ìyá ọkọ mi ṣì máa ń sọ pé Ọlọ́run ló yọ mí. Mi ò fẹ́ tún kó Ọlọ́run sí irú wàhálà yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Jọ̀wọ́, sọ fún Tèmilọlá kó kọ orúkọ mi sílẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ náà. Ó fò mí nígbà tó ń kọ ti àwọn yòókù, ó ní ìwọ lo máa ṣàlàyé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Labeebah.


Leeds.
4 Oṣù Karùn-ún, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú ìmúra ayọ̀ tó ń bọ̀. Mo kí ọkọ yín, mo kí ìyá wa àgbà. Ẹ má bínú pé ìdáhùn mi pẹ́, iṣẹ́ ló bò mí mọ́lẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí lórí ọ̀rọ̀ inú kábúkábú yẹn. Mi ò dárúkọ yín o. "Ìyá A" ni mo pè yín. Ìlànà wa ni pé bí a kò bá ti dárúkọ èèyàn, a ti bo àṣírí rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kà á níwájú àwọn olùkọ́, ọ̀kan nínú wọn yọ áńkáṣíìfù, ó nu ojú. Ọ̀rọ̀ yín ló jẹ́ kí wọ́n gba iṣẹ́ náà wọlé.

Olùkọ́ mẹ́ta ló ń bójú tó mi. Ọ̀kan jẹ́ onímọ̀ ètò ìrìnnà. Ìbéèrè tirẹ̀ kò ju pé ọkọ̀ wo ló yẹ kó wà níbo, nígbà wo. Èkejì jẹ́ onímọ̀ iṣẹ́ afárá. Ó ti wo fọ́tò afárá yín, ó ní ohun tó bá wúwo ju kẹ̀kẹ́ lọ kò gbọdọ̀ gùn ún. Ẹ̀kẹta, obìnrin, ni onímọ̀ nípa ohun tó tọ́ láti ṣe sí aláìsàn àti ohun tí kò tọ́. Òun ni à ń bẹ̀rù jù. Òun ló sọ pé ẹbí olùwádìí kò gbọdọ̀ sí nínú ìwádìí, kó má baà dà bí ẹni pé mo fi owó yunifásítì ra kẹ̀kẹ́ fún àwọn èèyàn mi. Bí orúkọ yín bá wọ ibẹ̀, wọ́n lè dá gbogbo rẹ̀ dúró, gbogbo aboyún tó kù yóò sì pàdánù. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi: nítorí àǹfààní gbogbo èèyàn ni wọ́n ṣe yọ yín kúrò.

Ìròyìn ayọ̀ wà. A ti ka ìdáhùn tí Tèmilọlá gbà. Oṣù Kẹsàn-án ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn aboyún yín yóò bímọ. Olùkọ́ ètò ìrìnnà ní kí kẹ̀kẹ́ dé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà gẹ́lẹ́, kí a má máa sanwó fún ọkọ̀ tó jókòó lásán.

Bí àbúrò sí ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe bí olùwádìí: oṣù wo ni tiyín?

Àbúrò yín,
Salman.


Ẹ̀yìn Alájùé.
18 Oṣù Karùn-ún, 2025.

Salman,

Ìyá A kí ọ. Ara Ìyá A le díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wú.

Mo ka lẹ́tà rẹ. Ibi tí o ti ní nítorí àǹfààní gbogbo èèyàn ni wọ́n ṣe yọ mí, mo tún padà kà á, bóyá mi ò lóye rẹ̀. Mo lóye rẹ̀. Mo ka ibẹ̀ fún Bàbá Roqeebah, ó ní, "Gbogbo èèyàn ńkọ́? Ṣé ìwọ kì í ṣe èèyàn ni?"

Oṣù Kẹsàn-án tí o kọ yẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín. Ìwọ Salman, ṣé Ẹdẹ náà ni wọ́n bí ọ sí? Ta ló kọ́ ọ pé aboyún máa ń sọ oṣù rẹ̀ fún àlejò? Oṣù tí à ń kà wà lọ́tọ̀, oṣù tí à ń sọ fún ará ìta wà lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá bi wá, a máa ń tì í síwájú ni, kí ẹni tó fẹ́ fi ẹnu búburú dúró de ọjọ́ náà lè máa dúró, nígbà tí ọmọ bá ti ń mu ọmú. Ìyá wa pàápàá, nígbà tí wọ́n lóyún rẹ, "lẹ́yìn Iléyá" ni wọ́n ń sọ fún gbogbo ayé. Ààwẹ̀ kò tíì parí tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Àwáwù sọ fún Tèmilọlá pé oṣù Kẹsàn-án ni tòun. Àwáwù tó jẹ́ pé bí abọ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ó ní láti pe èèyàn kó wá bá òun mú un nílẹ̀. Tèmilọlá wo ikùn rẹ̀, ó wo ìwé, ó sì kọ oṣù Kẹsàn-án. Ọmọlúàbí ni ọmọ yẹn, omidan ni, kò lè já àgbà nírọ́. Bí wọ́n ṣe tò lórí bẹ́ǹṣì nìyẹn, tí olúkálukú ń sọ oṣù tirẹ̀, tí àwa tó mọ̀ ń wo ilẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ rẹ bá dé ní oṣù Kẹsàn-án, gbígbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ ló kù fún un. Oṣù Keje ni kí ẹ gbé e wá.

O bi mí ní tèmi. Ọlọ́run ló mọ̀. Má bínú. Ìyá ọkọ mi ní mi ò gbọdọ̀ là á lẹ́nu, áḿbọ̀sìbọ́sí kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ìwọ kò lè fẹ́ ibi fún mi. Mo tún mọ̀ pé ohun tí mo bá sọ fún ọ lè di ohun tí olùkọ́ máa fi nu ojú.

Labeebah.


Leeds.
22 Oṣù Kẹfà, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ọdún Iléyá tó kọjá. Ọlọ́run yóò ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ fún wa. Mo fẹ́ ní ohun gidi lọ́wọ́ kí n tó kọ̀wé, ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ báyìí.

Mo gbé ọ̀rọ̀ oṣù yẹn lọ sí ìpàdé. Olùkọ́ ètò ìrìnnà ní òun kò lè yí ìdáhùn àwọn èèyàn padà nítorí ohun tí ẹ̀gbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ sọ. Olùkọ́ obìnrin ní kí n fetí sí ohun tó ń jáde lẹ́nu ara mi: ọkùnrin kan jókòó sí Leeds, ó ń sọ pé àwọn obìnrin kan ní Áfíríkà kò mọ oṣù oyún inú wọn. Mo ní wọ́n mọ̀ ọ́n, wọn kì í kàn án sọ ọ́ ni. Ó ní ìyẹn tilẹ̀ burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, pé mò ń pe àwọn olùkópa ní òpùrọ́. Ó ní ohun tí obìnrin bá sọ nípa ara rẹ̀, ọ̀wọ̀ ni pé ká gbà á bẹ́ẹ̀. Bí ó ṣe ń sọ ọ́, ó dà bí ẹni pé òun ló gba tiyín rò ju èmi lọ.

Ìwọ̀nba tí mo rí ṣe nìyí. Olùkọ́ afárá, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, ní òun fẹ́ mọ bí afárá náà ṣe ń gbọ̀n nígbà tí òjò bá pọ̀ tí kẹ̀kẹ́ sì ń gùn ún. Nítorí náà kẹ̀kẹ́ yóò dé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje. Nítorí afárá ló ṣe ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, dírẹ́bà lè gbé òun àti ẹnì kan tó bá a lọ. Ẹnì kan péré, kí ó má baà wúwo jù.

Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ kò lè lọ máa gbé ní ìgboro títí ẹ ó fi bímọ? Ẹ sì bá mi bẹ àwọn obìnrin yẹn kí wọ́n sọ òótọ́ fún Tèmilọlá. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, oṣù wo ni? Mi ò lè sùn dáadáa.

Salman.


Ẹ̀yìn Alájùé.
6 Oṣù Keje, 2025.

Salman,

Kẹ̀kẹ́ rẹ ti dé. Mo ń wò ó bí mo ṣe ń kọ èyí. Abẹ́ fèrèsé mi ni wọ́n gbé e sí, nítorí ilé wa nìkan ló ní géètì. Ó funfun báláú, ibùsùn kékeré wà lẹ́yìn rẹ̀. Ayọ̀dèjì ni dírẹ́bà, ọmọ Sẹ́kọ́nà, ó bẹ̀rù rẹ ju bó ṣe bẹ̀rù Ọlọ́run lọ. Ó lẹ orúkọ àwọn aboyún mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́, ó fi ọ̀rá bò ó kí òjò má pa á.

Iṣẹ́ tó ń ṣe fún olùkọ́ afárá rẹ nìyí: ó di yẹ̀pẹ̀ sínú àpò, ó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, ó fi okùn dè é kó má baà ṣubú, ó sì ń gbé e gun afárá lọ, ó ń gbé e bọ̀. Ó máa ń rọra wà á ní ibi tí kòtò bá wà, nítorí àpò. Àpò yẹ̀pẹ̀ ti gun kẹ̀kẹ́ yẹn, Salman.

Mo bá a sọ̀rọ̀ lánàá. Mo ní, "Ayọ̀dèjì, bí inú bá ń run mí ńkọ́?"

Ó ní, "Àǹtí, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó run yín níṣojú mi."

"Bó bá wá run mí ńkọ́?"

"Orúkọ yín ò sí níbẹ̀."

"Orúkọ àpò yẹ̀pẹ̀ wà níbẹ̀?"

Ó ní, "Àpò yẹ̀pẹ̀ kì í ṣe ẹbí ọ̀gá."

O ní kí n lọ máa gbé ní ìgboro. Lọ́dọ̀ ta ni? Láti ìgbà tí ìyá wa ti lọ, ilé wa ti di ti ayálégbé. Ẹsẹ̀ ìyá ọkọ mi kò gbé e mọ́, èmi ni mò ń pọn omi tó ń mu. Bàbá Roqeebah ní bó bá di ọjọ́ náà, a óò wá ọ̀kadà. Ọ̀kadà, nínú òjò, lórí afárá yẹn. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ọjà la fẹ́ lọ.

Ní ti kí n bẹ àwọn obìnrin yẹn, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tí èmi fúnra mi kò lè sọ fún àbúrò tí mo pọ̀n, ṣé mo lè ní kí wọ́n sọ ọ́ fún yunifásítì?

Jẹ́ kí n sọ èyí fún ọ, má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti ń kó aṣọ Roqeebah sọ́tọ̀. Èyí tó máa wọ̀ lọ sí ilé kéwú, èyí tó máa wọ̀ sùn, mo tò wọ́n sínú àpótí kan kí ẹni tó bá máa tọ́jú rẹ̀ má baà máa wá wọn kiri. Bí mo ṣe ń kà wọ́n sínú rẹ̀ ni Ayọ̀dèjì ń nu kẹ̀kẹ́ níta, tó ń súfèé.

Má bi mí ní oṣù mọ́. Sọ ohun tí mo máa ṣe fún mi.

Labeebah.


Leeds.
21 Oṣù Keje, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú òjò o. Lẹ́tà yín dé, mo máa dáhùn rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí inú mi dùn, orí sì ń fọ́ mi.

Kẹ̀kẹ́ ti gbé aboyún àkọ́kọ́. Ayọ̀dèjì kọ ọ́ ránṣẹ́. Olùkópa kan, mi ò lè dárúkọ rẹ̀ fún yín, ni ó rọbí lójijì nínú òjò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òun àti ẹnì kan tó bá a lọ wọ kẹ̀kẹ́, afárá gbé wọn, wọ́n dé ọsibítù láìpẹ́. Olùkọ́ afárá ní ohun tó wà nínú kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ náà wúwo ju bí òun ṣe rò lọ, síbẹ̀ afárá kò yẹ̀. Kò tíì sí ìgbà tí mo rí i kó rẹ́rìn-ín, àfi ọjọ́ yẹn.

Ibi tí orí ti ń fọ́ mi nìyí. Olùkópa náà kò bímọ. Wọ́n ní ó padà sílé lọ́jọ́ kejì, ikùn rẹ̀ sì wà bó ṣe wà. Ẹni tó bá a lọ ló bímọ.

Ìpàdé dàrú. Olùkọ́ ètò ìrìnnà ní ṣé ká ka ìrìn náà ni àbí ká má kà á. Olùkọ́ obìnrin ní ta ni obìnrin kejì yìí, ta ló gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀? Mo pe Ayọ̀dèjì. Ó ní, "Ọ̀gá, mi ò wo ojú wọn, afárá ni mò ń wò."

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wá obìnrin yẹn. Ẹ̀yin lẹ mọ gbogbo àdúgbò. Ẹ fi ohùn àgbà bá a sọ̀rọ̀, ẹ sọ fún un pé ohun tó ṣe kò dára. Ìwà ìmọ-tara-ẹni-nìkan ni. Ó gba àyè ẹni ẹlẹ́ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ tí a ń ṣe fún gbogbo wọn jẹ́.

Ní tiyín, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti ṣírò rẹ̀ láti inú àwọn lẹ́tà yín, ó ṣì kù díẹ̀. Kí oṣù Kẹsàn-án tó dé, n ó ti rí nǹkan ṣe.

Salman.


Ẹ̀yìn Alájùé.
24 Oṣù Keje, 2025.

Salman,

Mo ti rí obìnrin tí o ní kí n wá. Mo fi ohùn àgbà bá a sọ̀rọ̀ bí o ṣe wí. Ó ní kí n kí ọ. Ọmú ló ń fún ọmọ lọ́wọ́ báyìí, ọwọ́ kan ló fi ń tẹ lẹ́tà.

Èmi ni mo ní kí ẹnikẹ́ni má pè ọ́ títí a ó fi kó ọmọ jáde. Mi ò mọ ohun tó o máa ṣe fún Ayọ̀dèjì. Ọjọ́ Ajé ni, lọ́sàn-án. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀, Bàbá Roqeebah wà ní Ara. Ọ̀kadà tí ìyá ọkọ mi ránṣẹ́ pè dé, ó wò mí, ó ní òun ò gbé ẹni tó ń rọbí nínú irú òjò yìí, ó sì yí padà. Àwáwù wọlé, òun náà wò mí, ó jáde. Mo rò pé ó ti sá lọ. Ohun tí mo gbọ́ lábẹ́ fèrèsé ni igbe.

"Ayọ̀dèjì, dìde, mo kú o. Ọmọ ń bọ̀."

Ayọ̀dèjì ní, "Àǹtí Àwáwù, ṣebí oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n kọ síbí."

Àwáwù ní, "Ṣé ìwé ló lóyún ni àbí èmi?"

Ó ní, "Ta ni yóò bá yín lọ?"

"Ìyá Roqeebah."

Ayọ̀dèjì yọjú wo inú ilé, ó rí mi níbi tí mo ti di ògiri mú. Kì í ṣe òmùgọ̀ o. Ó wò mí, ó wo Àwáwù tó ń ké, ó wo ìwé iwájú kẹ̀kẹ́. Ó ní, "Àyè wà fún ẹnì kan tó bá wọn lọ," ó sì gbé àpò yẹ̀pẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Kí a tó dé afárá, èmi ti wà lórí ibùsùn, Àwáwù ló jókòó síbi tí alábàárìn ń jókòó. Síbẹ̀ òun ló ń ké, kí Ayọ̀dèjì má baà wẹ̀yìn. Èmi di ẹnu pọ̀. Bí mo bá ké, òfin yín ti bàjẹ́ nìyẹn. Afárá mì, mo gbọ́ ọ lábẹ́ ẹ̀yìn mi, mo ní yá Allah, kì í ṣe níbí, kì í ṣe níbí mọ́. A dé ọsibítù, àwọn nọ́ọ̀sì sáré gbá Àwáwù mú, torí òun ló ń pariwo. Wọ́n ti tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì kó tó rí àyè sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹni tó dákẹ́ yẹn ni."

Ẹ̀jẹ̀ tún dà, Salman. Ó pọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ló dà sí lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n sì dá a dúró. Dókítà ní, "Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà ni..." Kò parí rẹ̀. Mo gbọ́ ìyókù. Obìnrin ni ọmọ náà. Fawziyah ni àlùfáà pè é.

Ohun tó wà nílẹ̀ báyìí ni pé Àwáwù kò tíì bímọ, oṣù rẹ̀ sì ti pé. Oṣù òótọ́ ni mo sọ fún ọ yìí. Ayọ̀dèjì ní ẹ ní kí òun fa ìlà sórí orúkọ ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́, òun sì ti fà á sórí ti Àwáwù. Ó ní òun ti di ojú lẹ́ẹ̀kan nítorí mi, òun ò lè tún dì í, òun ní ọmọ tí òun ń bọ́. Àwáwù fi àyè tirẹ̀ gbé mi. Ó ń rẹ́rìn-ín sí i, ó ní ọ̀kadà máa gbé òun. Mo mọ irú ẹ̀rín yẹn.

O ní obìnrin kan gba àyè ẹni ẹlẹ́ni. Òótọ́ lo sọ. Nítorí náà mi ò bẹ̀ ọ́, mò ń sọ fún ọ ni: pe Ayọ̀dèjì. Pè é kí o tó gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ìpàdé kankan.

Labeebah.


Leeds.
24 Oṣù Keje, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo ti pe Ayọ̀dèjì kí n tó jókòó kọ èyí. Mo ní kó já ìwé orúkọ yẹn kúrò. Ẹnikẹ́ni tó bá ń rọbí, kó gbé e. Ó ní, "Bó bá jẹ́ ẹbí ọ̀gá ńkọ́?" Mo ní kó gbé e.

Ẹ kú ewu ọmọ. Nígbà tí mo dé ibi tí dókítà kò parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo ní láti dìde kúrò lórí àga. Mo pè yín ní onímọ-tara-ẹni-nìkan. Mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀bẹ̀ fún ìyẹn.

Mo lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn olùkọ́ mi fúnra mi. Olùkọ́ ètò ìrìnnà ní ìrìn náà kò ṣeé kà mọ́. Olùkọ́ obìnrin ní ìwádìí náà ti dúró láti òní lọ. Bóyá n ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn lórí ọ̀rọ̀ mìíràn, bóyá wọ́n á ní kí n máa lọ. Olùkọ́ afárá ní, "Ọmọ ńkọ́?" Òun nìkan ló béèrè. Wọ́n ti san owó kẹ̀kẹ́ àti ti dírẹ́bà di oṣù Kejìlá, kò sì sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gba owó yẹn padà láti Ẹdẹ, nítorí náà ẹ̀yìn Alájùé ni yóò wà.

Ó ku ohun kan. Olùkọ́ obìnrin ní bí mo bá máa kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín sínú ìwé kankan láyé mi, ẹnì kan wà tí mo gbọdọ̀ kọ́kọ́ bi. Ojú tì mí pé òun ló sọ ọ́ fún mi, tó jẹ́ pé ẹ̀yin ti sọ ọ́ nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, tí mo sì fi "Ìyá A" dá yín lóhùn. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbà kí n kọ ti kẹ̀kẹ́ yìí? Ti inú kábúkábú ńkọ́, ṣé ẹ gbà kó wà níbẹ̀? Bí ẹ bá kọ̀, n ó yọ ọ́.

Salman.


Ẹ̀yìn Alájùé.
10 Oṣù Kẹjọ, 2025.

Salman, àbúrò mi,

A kí ọ káàkiri. Fawziyah ń sùn, Roqeebah ń yọ ọ́ lẹ́nu kó jí. Mo ti kó aṣọ kúrò nínú àpótí, mo dá a padà síbi tó wà.

Àwáwù ti bí ọkùnrin, wọ́n wà láyọ̀. Kẹ̀kẹ́ ló gbé e, ní gbangba. Nígbà tó wá ń rọbí gan-an, kò ké rárá, ó kàn ń mí. Ayọ̀dèjì dúró tì í, ó ní, "Àǹtí, ṣé ó dá yín lójú?" Àwáwù ní bó bá délé, òun á gbá a létí. Kò tíì gbá a.

Láti ìgbà tí ìwé orúkọ ti kúrò lójú kẹ̀kẹ́, àwọn obìnrin máa ń dúró sọ nǹkan sí Ayọ̀dèjì létí bí wọ́n bá ń ti oko bọ̀. Ó máa ń mi orí, kì í kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò bi í ní ohun tí wọ́n sọ.

Ó dùn mí pé wọ́n dá iṣẹ́ rẹ dúró. Mo mọ bí o ṣe jìyà lórí rẹ̀. Mo ti ní kí ìyá ọkọ mi fi ọ́ sínú àdúà, wọ́n ní ṣé àdúà kí wọ́n gbà ọ́ padà ni àbí kí wọ́n jẹ́ kí o máa bọ̀ wálé. Mo ní kí wọ́n ṣe méjèèjì.

Ìbéèrè rẹ dé ọwọ́ mi. Mi ò tètè dáhùn, kì í ṣe pé mò ń bínú. Kò tíì sẹ́ni tó bi mí ní irú rẹ̀ rí, tó jẹ́ pé ohun tí mo bá sọ lẹni náà máa ṣe. Ọkọ mi kì í bi mí bẹ́ẹ̀, ìyá ọkọ mi kì í bi mí, àwọn nọ́ọ̀sì kò bi mí. Mo gbé e kiri inú ilé bí ẹni tó ra aṣọ tuntun tí kò tíì fẹ́ rán an. Mo ń rò ó nídìí omi, mo ń rò ó bí mo bá ń wẹ ọmọ. Ó dùn mọ́ mi gan-an ni.

Rárá.

Ti kábúkábú àti ti kẹ̀kẹ́, mi ò gbà. Yọ ọ́. Tún bi mí nígbà tí o bá wálé, tí o bá ti gbé Fawziyah sórí ẹsẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Labeebah.